Ọjọ́ Ìbí Kì í Gbọ́ Ẹ̀bẹ̀: Gbèsè Ìdílé Kan ní Òwútù, Ìkòròdú

Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa ní ìgbìmọ̀ kékeré kan tó máa ń gbọ́ ẹjọ́ ọmọ ẹgbẹ́ tí gbèsè bá ti wọ̀ lọ́rùn. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà. Tọkọtìyàwó tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gbà kí n kọ ọ́ sílẹ̀, bí n kò bá ti dárúkọ wọn, nítorí náà orúkọ iṣẹ́ wọn ni n ó máa pè wọ́n, bí àdúgbò ṣe ń pè wọ́n: Wẹ́dà ni ọkọ, Ìyá Ẹlẹ́ja ni ìyàwó. Òwútù ni wọ́n ń gbé, lójú ọ̀nà Ìṣáwo. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n ti bí ti pé ọdún mẹ́rin. Oṣù kẹjọ ọdún 2024 ni Ìyá Ẹlẹ́ja wá bá mi, oyún inú rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́fà.

Kò wá pé gbèsè ń da òun láàmú o. Owó ló wá yá. Ó ní kí ẹgbẹ́ bá òun wá ₦100,000 kí òun fi dí àwọn kan lẹ́nu. Mo bi í pé àwọn wo. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Ìgbà tó dórí ẹnì kẹrin, ó dákẹ́. Mo ní kó lọ mú ọkọ rẹ̀ wá. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, Bàbá Akọ̀wé, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó gbọ́ ti èsúsú." Nígbà tí àwọn méjèèjì jọ dé, kí ọkọ tó jókòó ló ti fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn: "Bàbá, ẹ forí jì mí, obìnrin yìí ò mọ̀ nípa owó orí fóònù."

Mo ní kí àwọn méjèèjì padà sílé, kí wọ́n bára wọn sọ̀rọ̀ tán, kí wọ́n tó wá bá wa. Wọ́n jà. Mo gbọ́ pé ìjà náà le, ìyàwó tilẹ̀ di ẹrù rẹ̀, ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ ìyá òun ní Ìjẹ̀dẹ́. Kò lọ. Nígbà tí wọ́n padà wá, ìwé ilé ìwé ọmọ wọn ni wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sí, bírò pupa.

Kí n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe débẹ̀, torí ẹnu àdúgbò ti dá wọn lẹ́jọ́ àpà. Ẹja yìnyín ni Ìyá Ẹlẹ́ja ń tà: títù, kóté, ṣàwá, pánlá nígbà míì. Òkè òkun ni wọ́n ti ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú títù àti kóté tí à ń jẹ wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á. Nígbà tí báńkì àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tíì tó ₦500 ní báńkì; kí oṣù kejì ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,500. Owó ọwọ́ tó ń ra kátọ́ọ̀nù mẹ́ta wá ń ra ọ̀kan, oníbàárà tó ń ra odindi ẹja sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra orí àti ìrù. Ti ọkọ náà kò sàn jù. Jẹnẹrétọ̀ ló fi ń jó irin lọ́jọ́ tí kò bá síná, ọjọ́ tí kò síná ló sì pọ̀. Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà epo tí kò tó ₦200 fò lọ sí nǹkan bí ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Wẹ́dà ta gíráńdà rẹ̀, ẹ̀rọ tó fi ń gé irin, kó lè rí owó ilé ìwé ọmọ san. Láti ìgbà náà ló ti ń háyà ti ẹlòmíràn, owó háyà sì ń jẹ èrè iṣẹ́. Lójú tèmi, ọjọ́ tí gíráńdà yẹn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ni gbèsè wọlé.

Ohun tó wà nínú ìwé wọn nìyí. Ìyá Ẹlẹ́ja gba ₦200,000 níbi owó ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, èyí tí àwọn obìnrin ọjà ń pè ní gbọ́mú-lé-lántà. ₦10,500 ni yóò máa san lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24, ìyẹn ₦252,000 lápapọ̀. Ọ̀sẹ̀ 13 ló ṣì kù, ₦136,500. Àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ owó yìí ló ń ṣe onídùúró fún ara wọn. Bí ti ẹnì kan kò bá pé lọ́jọ́ ìpàdé, kò sẹ́ni tó máa dìde, wọn á dá a láàárín ara wọn, lẹ́yìn náà wọn á lọ fi èébú gbà á lójúlé rẹ̀. Láyé àtijọ́, ológò ni olówó máa ń rán lọ jókòó sílé onígbèsè, tí yóò máa jẹ nǹkan onílé, tí yóò sì máa bú u títí owó á fi jáde. Ti òde òní, ọ̀rẹ́ ẹni tí a jọ ń tajà ni wọ́n fi ń ṣe ológò.

Owó orí fóònù, ìyẹn owó tí àwọn áàpù ẹ̀yáwó ń yáni, jẹ́ ti ọkọ. Ibi márùn-ún ló ti yá a, ₦187,000. ₦20,000 péré ló fi bẹ̀rẹ̀, ti ọ̀sẹ̀ méjì, tí yóò dá padà ní ₦26,000. Nígbà tí ọjọ́ pé, ó yá ti ibòmíràn fi san án, bẹ́ẹ̀ ló ṣe di márùn-ún. Owó ilé ku ìdajì ọdún, ₦150,000. Alájà tó ni kólúrúùmù tí ìyàwó ti ń gba ẹja láwìn ní ₦96,000 lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibí ni wọ́n fẹ́ fi parí rẹ̀. Mo bi ìyàwó léèrè èsúsú. Ẹni mẹ́wàá ni wọ́n, ₦20,000 lóṣù, ó sì ti kó tirẹ̀ ní oṣù kejì. "Mo ti kó tèmi, Bàbá." Oṣù mẹ́fà ló ṣì kù tó gbọ́dọ̀ dá fún àwọn yòókù, ₦120,000 nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í ka èsúsú tí wọ́n ti kó mọ́ gbèsè, bẹ́ẹ̀ gbèsè tó lè bani lórúkọ jẹ́ jù ládùúgbò ni. Wẹ́dà pẹ̀lú yarí pé owó géètì tí òun gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà kan ní Ìgbógbó kì í ṣe gbèsè: "Iṣẹ́ ni mo máa fi san án." Mo ní irin dà? Ó wo ilẹ̀. Owó géètì náà, ₦120,000 lòun náà, ti lọ sí owó ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ìyàwó àti epo jẹnẹrétọ̀. Oníbàárà náà sì ti lọ fẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá.

Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ ₦809,500. Lọ́sẹ̀ tí iṣẹ́ bá ṣe déédéé, ohun tí àwọn méjèèjì ń rí kò ju ₦40,000 lọ. Oúnjẹ ń kó nǹkan bí ìdajì rẹ̀. Owó ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ àti èsúsú ń kó ₦15,500. Ohun tó ṣẹ́ kù ni gbogbo àwọn yòókù ń dìmú, kò sì sí náírà kan tí wọ́n kọ orúkọ oyún sí.

Èyí ni èmi rí sí ju gbogbo iye yẹn lọ. Ètò tí wọ́n fi ń sanwó, ariwo ni: ẹni tó bá pariwo jù lónìí ló ń gbowó. Àwọn orí fóònù ló ń pariwo jù, wọ́n sì ń gbà jù. Alájà kì í pariwo, kò sì tíì gba kọ́bọ̀ láti oṣù karùn-ún, bẹ́ẹ̀ òun ló ń fún wọn ní ẹja tí wọ́n ń tà jẹun. Èyí tó dákẹ́ jù ni ọmọ inú. Onílé ṣe é bẹ̀. Alájọ ṣe é bẹ̀. Ọjọ́ ìbí kò ṣe é bẹ̀. Mo ní a ó yí i padà: owó ìbí ní àkọ́kọ́, ohun tó ń mú owó wọlé tẹ̀ lé e, aládùúgbò tẹ̀ lé e, ariwo lẹ́yìn pátápátá. Wẹ́dà ní, "Bàbá, wọ́n máa bà mí jẹ́." Mo ní wọ́n ti ń bà ọ́ jẹ́ tẹ́lẹ̀, o sì ń san owó rẹ̀.

Kí a tó dé ibi owó, mo bi ìyàwó pé níbo ló ti ń gba ìtọ́jú aboyún. Ó ti lọ rí ẹlẹ́wé ọmọ kan lẹ́ẹ̀kan. Owó tó fẹ́ fi ṣe ayẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti àwòrán inú lóṣù kẹrin oyún, gbọ́mú-lé-lántà ló gbé e. Obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ wa, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ló mú un lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé lọ́jọ́ kejì. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 150/100. Bí oyún bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ 20, 140/90 sókè kì í ṣe ohun tí à ń fi ewé lásán wò. Ìyẹn lè yọrí sí gìrì aboyún bí wọn ò bá mójú tó o. Nọ́ọ̀sì bi í léèrè bóyá orí ń fọ́ ọ, bóyá ojú rẹ̀ ń ṣú, bóyá ojú àti ọwọ́ rẹ̀ ń wú. Orí ń fọ́ ọ. Ó rò pé ìrònú gbèsè ni. Wọ́n kọ ìwé fún un lọ sí ọsibítù ńlá ìjọba ní Ìkòròdú, oògùn ìfúnpá sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. N ò ní sọ pé gbèsè ló fa ẹ̀jẹ̀ ríru; ohun tí mo mọ̀ ni pé gbèsè ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tètè rí i.

Ètò ìlera ìpínlẹ̀ Èkó, Ìlera Èkó, yẹ kó ti wà lọ́wọ́ wọn kí oyún tó dé. Òfin tó gbé e kalẹ̀ ti wà láti ọdún 2015, Gómìnà Sanwo-Olu sì tún fọwọ́ sí àṣẹ ní ọdún 2024 pé kó di dandan fún gbogbo ará ìpínlẹ̀. A ní kí wọ́n forúkọ ìyàwó nìkan sílẹ̀ ná, kí wọ́n béèrè kíní-kíní tó bò nípa ìbímọ kí wọ́n tó sanwó. Síbẹ̀ a fi ₦150,000 ṣe àfojúsùn owó ìbí, torí obìnrin tí ìfúnpá rẹ̀ ga kò mọ̀ bóyá iṣẹ́ abẹ ni yóò kàn.

Ibo la ó kó owó náà sí? Káàdì báńkì Wẹ́dà ti so mọ́ àwọn orí fóònù yẹn. Kí owó iṣẹ́ tó wọlé tán ni wọ́n á ti fà á. Lọ́jọ́ kan, ₦15,000 tí oníbàárà san kò pé wákàtí kan. Yíyí báńkì padà nìkan kò sì tó, torí ètò GSI tí báńkì àpapọ̀ gbé kalẹ̀ lọ́dún 2020 fún báńkì tó bá wà nínú rẹ̀ láṣẹ láti fa gbèsè rẹ̀ nínú àkáǹtì yòówù tó bá so mọ́ BVN ẹni. A ní kí owó ìbí máa wọ inú ìwé ẹgbẹ́ lórúkọ ìyàwó, ₦10,000 lọ́sẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lè fọwọ́ kàn án láìjẹ́ pé nọ́ọ̀sì wa fọwọ́ sí i. Ọmọ ìgbìmọ̀ kan ní à ń kọ́ wọn láti sá fún olówó. Mi ò gbà. A kọ̀wé sí gbogbo olówó pé a ó san, a sì sọ ìgbà.

Owó ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ rọrùn ju bí mo ṣe rò lọ. Ìyá Ẹlẹ́ja ní ₦30,000 owó ìpamọ́ dandan nílé iṣẹ́ náà tí kò rántí mọ́. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ ọ́ nínú gbèsè, ó ku ₦106,500, wọ́n sì gbà kó máa san ₦6,000 lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá ń gba irú owó yìí, ẹ wo ìwé yín dáadáa: owó tiyín wà lọ́wọ́ wọn. Olórí èsúsú gbà kó dá ìdajì fún oṣù mẹ́ta. Ó kọ́kọ́ bú u dáadáa.

Ti Alájà, ìyàwó nìkan ló lọ. Ó kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé, ó sì mú ₦10,000 dání. Wọ́n fẹnu kò pé owó ọwọ́ ni yóò máa fi ra ọjà báyìí, ₦5,000 á sì máa lé e lórí kátọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan fún gbèsè àtijọ́. Ọkọ ti fẹ́ ta fírísà tẹ́lẹ̀ kó fi pa orí fóònù méjì. Mo ní kó wo gíráńdà.

Géètì ló gbà wá lákòókò jù. Ọlọ́pàá ti pe Wẹ́dà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rù sì ti bà á débi pé kì í sùn sílé. Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020, abala 32, sọ pé wọn ò gbọdọ̀ mú ènìyàn kìkì nítorí àìmú àdéhùn ṣẹ. Ṣùgbọ́n òfin kì í jó géètì fún ẹni tó sanwó, ẹjọ́ oníbàárà náà sì tọ́. A ní kí wọ́n jọ lọ sí Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó, níbi tí wọ́n ti ń parí irú aáwọ̀ báyìí lọ́fẹ̀ẹ́. Oníbàárà bínú lọ, ó sì bínú bọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: òun ni yóò ra irin fúnra rẹ̀, Wẹ́dà yóò jó géètì náà àti irin ojú fèrèsé láìgba owó iṣẹ́ títí ₦120,000 yóò fi tán. Ìgbà tó rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó mú aládùúgbò rẹ̀ kan wá fún un. Owó yẹn ló fi bẹ̀rẹ̀ sí í tu gíráńdà àlòkù kan jọ.

Ó wá ku àwọn orí fóònù. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2022 ni FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti ní kí irú wọn forúkọ sílẹ̀, orúkọ àwọn tó gbàṣẹ sì wà lójú òpó wọn. Nínú márùn-ún, méjì ló wà níbẹ̀. Àwọn méjì yìí fún wa ní àkọsílẹ̀ owó, wọ́n sì gbà kó máa san díẹ̀díẹ̀. Àwọn mẹ́ta yòókù, línkì tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp ló fi gbé wọn sórí fóònù. Láti ọdún 2023 ni Google ti ka á léèwọ̀ kí áàpù ẹ̀yáwó máa ka nọ́ńbà orí fóònù ènìyàn, àmọ́ èyí tí kò gba Play Store wọlé, ta ni yóò dá a dúró? Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn rẹ̀ pé olè ni, títí dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́.

A ṣe ohun kan tó ràn án lọ́wọ́ ju ẹjọ́ tí a kọ sí FCCPC lọ. Òun fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí gbogbo ẹni tó wà lórí fóònù rẹ̀: mo jẹ gbèsè, mo ń san án, bí ẹ bá rí èébú, ẹ dákun ẹ pa á rẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, kò sóhun tí wọ́n fẹ́ tú síta mọ́. Ọ̀gá rẹ̀ pè é, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fún un ní iṣẹ́ ọjọ́ méjì. Ìmọ̀ràn mi lórí àwọn mẹ́ta yẹn ni pé kó san iye tó gbà lọ́wọ́ wọn gan-an. Èlé orí èlé tí wọ́n kọ lé e, kí wọ́n wá bá a fà á nílé ẹjọ́.

Onílé kò le. Ó mọ̀ pé Òfin Ilé Gbígbé ti Èkó, ti ọdún 2011, fún ayálégbé ọdọọdún ní ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó lé e, pé kò sì lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn fúnra rẹ̀. ₦15,000 lóṣù ni wọ́n fẹnu kò sí.

Owó ìbí ti tó ₦90,000 nígbà tí àríyànjiyàn ìsọmọlórúkọ bẹ̀rẹ̀, ọmọ kò tíì dé. Mùsùlùmí ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n ọkọ, obìnrin, ti ra aṣọ, ó ti ń pín in, ó ní àgbò àkíìkà, èyí tí Mùsùlùmí ń pa fún ọmọ tuntun, kò gbọdọ̀ yẹ̀, pé ẹbí yóò fi òun ṣẹ̀sín. Ìyàwó ò lè fèsì. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ni, kò sì sí bó ṣe fẹ́ wí i tí kò ní di ọ̀rọ̀ àfojúdi. Áàfáà ló tú u. Ó ní àkíìkà wà fún ẹni tó ní agbára, kò di dandan lọ́rùn onígbèsè. Ó tún fi Súrà At-Tawbah, áyà 60, kún un: onígbèsè wà lára àwọn mẹ́jọ tí wọ́n lè fún ní sàká. Ojú ti Wẹ́dà. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni kò fi lọ kí ìmáàmù lẹ́yìn ìyẹn, kó má bàa dà bíi pé ó ń tọrọ. Mọ́sáláṣí fún un ní ₦50,000 lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, ìyẹn ló mú kí owó ìbí pé tí ó sì ṣẹ́ kù fún owó ilé oṣù kan. Ẹ̀gbọ́n ọkọ kò wá sí ìsọmọlórúkọ.

Nígbà tí oyún pé ọ̀sẹ̀ 37 ni wọ́n dá Ìyá Ẹlẹ́ja dúró sí ọsibítù, torí ìfúnpá náà tún gòkè. Wọ́n fi oògùn fa ìrọbí, ó sì bí obìnrin láìṣe iṣẹ́ abẹ. Ọkọ àti àbúrò rẹ̀ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú. Nọ́ọ̀sì wa ní kó má dáwọ́ ìdíwọ̀n ìfúnpá dúró lẹ́yìn ìbí, ó sì ń lọ.

Ìparí oṣù kejì ọdún 2025 ni mo kọ èyí. Owó ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ti tán láti oṣù kìíní. Èsúsú ku ₦30,000. Alájà ti ń fún un láwìn díẹ̀ padà. Géètì ti tán. Owó ilé àti orí fóònù méjì ṣì ń bá a lọ. Àwọn mẹ́ta tí kò forúkọ sílẹ̀, ọ̀kan ti gba owó rẹ̀, ọ̀kan kò pè mọ́, ọ̀kan ṣì ń bú u láràárọ̀.

Ààwẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹja yóò tà. Ilé iṣẹ́ owó ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ti pe Ìyá Ẹlẹ́ja pé bó ṣe san tán yìí, ó tó gba ₦300,000. Ó fẹ́ gbà á. Ó ní kátọ́ọ̀nù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ló ń mú èrè wá, ọ̀kan-ọ̀kan kò ní jẹ́ kóun kúrò lójú kan, mi ò sì lè sọ pé irọ́ ni. Nínú ìgbìmọ̀, méjì ní kó gbà á, méjì ní kó dúró de owó ẹgbẹ́ tí èlé rẹ̀ kéré, tí kò ní dé kí Ààwẹ̀ tó parí. Ìwé onídùúró wà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Kò tíì fọwọ́ sí i.